Ọgbà Ẹranko Kékeré Mẹ́rin ní Jàpáàn: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbé Kámẹ́rà Lọ?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Tokyo pé ọgbà ẹranko wo ló dára jù, Ueno ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sì jẹ̀bi. Ọdún 1882 ni wọ́n ṣí Ueno, òun sì ni àgbà gbogbo ọgbà ẹranko ní ilẹ̀ Jàpáàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé fọ́tò ló gbé yín jáde nílé, tí ẹ fẹ́ kí ojú ẹranko hàn ketekete débi tí èèyàn á fi rí irun inú etí rẹ̀, ọgbà kékeré ni kí ẹ lọ. Irú èyí tí ìjọba ìlú tàbí ti àdúgbò ń tọ́jú ni mò ń wí, tí àwọn ìyá ń ti ọmọ wọn nínú kẹ̀kẹ́ wọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Èrò kì í pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹranko kì í jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ẹ lè dúró síwájú ẹranko kan ṣoṣo fún wákàtí kan gbáko, kò sẹ́ni tó máa ti yín.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín: Inokashira ní apá ìwọ̀-oòrùn Tokyo, Edogawa ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, Nogeyama ní Yokohama, àti Asahiyama ní ìlú Asahikawa, ní erékùṣù Hokkaido níhà àríwá lọ́hùn-ún. Asahiyama tóbi ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn kọjá Jàpáàn. Mo mú un mọ́ wọn nítorí pé ìlú kan tí kò tóbi ló ni ín, àti nítorí pé ọ̀nà tó gbà fi ẹranko han èèyàn kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù.

Kí ló wà láàrin ẹ̀yin àti ẹranko?

Orúkọ ẹranko ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan ọgbà. Wọ́n á ní kìnnìún wà níbí, páńdà pupa wà lọ́hùn-ún, ó tán. Ẹni tó gbé kámẹ́rà dání kò gbọdọ̀ yàn báyẹn. Kìnnìún tó wà lẹ́yìn wáyà, tí irin ìdènà tún mú èèyàn jìnnà sí, kò lè wúlò fún yín tó ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sáré gba iwájú bàtà yín kọjá. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ọgbà ni ohun tó dí mi lọ́nà: wáyà, gíláàsì, omi, kòtò, àbí kò sí nǹkan kan rárá. Òun ló ń sọ lẹ́ńsì tí èèyàn máa gbé, aṣọ tí èèyàn máa wọ̀, àti wákàtí tó yẹ kí èèyàn débẹ̀.

Wáyà kọ́kọ́. Ẹ gbé ẹnu lẹ́ńsì sún mọ́ ọn débi tí ọgbà bá gbà yín láàyè dé. Ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì tó bó bá ṣe lè ṣí mọ, f/2.8 tàbí f/4 bó bá wà, f/5.6 bí kò bá sí (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń tóbi tó). Ẹ fa lẹ́ńsì jáde dé òpin, kí ẹ wá ní sùúrù títí ẹranko yóò fi kúrò lẹ́bàá wáyà, tó máa rìn wọ inú lọ́hùn-ún. Wáyà náà á ṣú bàìbàì, á sì pòórá nínú àwòrán. Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni oòrùn: wáyà tí oòrùn bá ń ràn sí lára kì í pòórá, ńṣe ló máa ń di àwọ̀ funfun tó bo ojú ẹranko. Nítorí náà, ẹ máa wá ibi tí òjìji igi tàbí ti òrùlé bá ti bo wáyà. Bí kò bá sí, fìlà tí ẹ nà sókè lè ṣíji bo ibi tí ẹnu lẹ́ńsì kọjú sí.

Gíláàsì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ojú yín á rí ẹranko nìkan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á rí ẹranko pẹ̀lú ojú ọ̀run, igi ẹ̀yìn yín àti ẹ̀wù ọrùn yín. Ẹ wọ aṣọ dúdú tàbí aró tó jinlẹ̀. Kí àǹkárá aláràbarà sinmi lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ẹnu lẹ́ńsì lé gíláàsì gan-an, kí róbà ìbòrí rẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ kọjú sí i ní tààrà, nítorí pé gíláàsì ọgbà ẹranko máa ń nípọn; bí ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ yà á, ojú ẹranko á wọ́. Ẹ sì mú aṣọ ìnuǹkan rírọ̀ kan dání. Ọwọ́ ọmọdé pọ̀ lára gíláàsì wọ̀nyẹn, ibi tí ọwọ́ ọmọdé tó náà sì ni ojú ẹranko sábà máa ń wà.

Ẹni tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ojú kámẹ́rà fóònù kéré débi pé ó lè wọ àárín ihò wáyà kan, níbi tí lẹ́ńsì ńlá á ti máa bá wáyà jà. Lára gíláàsì náà, fóònù máa ń lẹ̀ dáadáa. Ibi tó ti máa kùnà ni ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń lo fóònù gan-an ni ọgbà kékeré wà fún.

Inokashira: ibi tí ẹ̀yin àti ẹranko jọ wà nínú ilé kan

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní sítéṣọ̀n Kichijoji, ìrìn bí ìṣẹ́jú 10 ló kù. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Àgbàlagbà ń san 400 yen, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í san nǹkan kan. Apá méjì ló ní: apá ẹranko, àti apá tó wà létí adágún, níbi tí ẹyẹ omi àti ẹja wà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń wọ méjèèjì, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹni tó bá ń wá kìnnìún, kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu débẹ̀. Ẹranko inú igbó Jàpáàn ni Inokashira fi ń yangàn: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tanuki, ẹranko ìdílé ajá tó ní ìlà dúdú yí ojú ká, àti ológbò igbó Tsushima, tí kò sí ní igbó kankan ní Jàpáàn àfi ní erékùṣù Tsushima nìkan. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń fi Inokashira ṣáájú àwọn yòókù ni ilé ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Risu no Komichi.

Ilé ńlá kan ni, wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n gbin igi sínú rẹ̀, wọ́n sì la ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin àti ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ jọ wà nínú wáyà. Ó lè gba orí ẹ̀ka tó wà lókè orí yín, ó lè gba ẹsẹ̀ yín kọjá, kò ka yín sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ Jàpáàn kò tóbi, gígùn ara rẹ̀ láìka ìrù jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bó bá rí èso kurumi (walnut), tí èèpo rẹ̀ le koránkorán, ẹ wò ó dáadáa. Á fi ọwọ́ méjèèjì yí i, á yí i, títí yóò fi kan ojú ibi tí èèpo méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín rẹ́ yíká, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ, gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, títí èso náà á fi là sí méjì gééré. Á jẹ inú apá kan tán, á jù ú nù, á mú èkejì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ lóṣòó, kí lẹ́ńsì bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ gbé fókọ́ọ̀sì lé ẹyinjú rẹ̀.

Ìyára ṣọ́tà 1/250, ìyẹn ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá, tó fún un nígbà tó bá ń jẹun. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, 1/1000 kò pọ̀ jù, igi sì ń ṣíji bo inú ilé náà, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, dé 1600 tàbí 3200. Lẹ́ńsì kúkúrú tó fún ibẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè sún mọ́ yín débi tí lẹ́ńsì gígùn kò ní lè rí i tààrà mọ́. Bí ẹ bá lè yan àsìkò, ẹ lọ láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kì í fi ìgbà òtútù sùn, ara rẹ̀ máa ń di eérú nígbà náà, irun gígùn á sì hù ṣóńṣó lórí etí rẹ̀ méjèèjì. Fọ́tò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní irun yẹn.

Níwájú sítéṣọ̀n Kichijoji, ẹ ó rí ère erin kan. Hanako ni orúkọ rẹ̀. Nígbà ogun, ní ọdún 1943, wọ́n pa àwọn ẹranko ńlá Ueno, àwọn erin mẹ́ta sì wà lára wọn. Ọdún 1949 ni Hanako dé láti Thailand, ọmọ ọdún méjì péré, ó kọ́kọ́ gbé ní Ueno, wọ́n sì gbé e wá sí Inokashira ní 1954. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, lẹ́ni ọdún 69. Ìran mẹ́ta nínú ẹbí kan lè ti jókòó síwájú erin kan ṣoṣo yẹn. Ẹ ya ère náà nígbà tí ẹ bá ń kọjá lọ. Àwọn ará àdúgbò ṣì máa ń bá ara wọn ṣe àdéhùn láti pàdé lẹ́bàá rẹ̀.

Nogeyama àti Edogawa: ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn kò sì jọra

A kì í san kọ́bọ̀ láti wọ èyíkéyìí nínú àwọn méjì yìí. Àpótí ọrẹ wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan sílẹ̀.

Nogeyama ti wà láti ọdún 1951, lórí òkè kan ní Yokohama. Láti sítéṣọ̀n Hinodecho, ìrìn bí ìṣẹ́jú 10 ni. Láti Sakuragicho, bí 15, ọ̀nà náà sì ń gòkè, kí ẹni tó gbé ẹrù kámẹ́rà tó wúwo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹranko ńlá ló wà níbí: àgùnfọn ọlọ́rùn gbọọrọ, ìnàkí, àti àwọn ìran ológbò ńlá. Ẹyẹ condor láti òkè Andes náà wà. Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ilé wọn, ìyẹn túmọ̀ sí wáyà àti irin, pẹ̀lú ìdènà tó ń mú èèyàn dúró lókèèrè. Fóònù máa ń jìyà níbẹ̀. Lẹ́ńsì 70–300mm tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni kí ẹ gbé. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú inú tó ń gba àwòrán, jẹ́ irú kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, 300mm á ṣiṣẹ́ bíi 450mm, á sì tó yín. Wọ́n ń ṣe àtúnkọ́ ọgbà náà ní ìpele-ìpele, nítorí náà ẹ wo ojú ìwé ọgbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde, kí ẹ má baà bá ilé ẹranko tí ẹ ń lọ rí ní títì.

Ohun kan wà ní Nogeyama tí àwọn onífọ́tò máa ń gbójú fò: ilé àwọn ẹranko afàyàfà. Ìjàpá ibẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ìjàpá kì í sáré, kì í bínú, ó sì máa ń dúró lójú kan tí èèyàn á fi tún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ṣe títí yóò fi dọ́gba. Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀, gíláàsì ló sì wà níwájú yín, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ nípa aṣọ dúdú wúlò níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ẹranko, ibẹ̀ ni mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀.

Edogawa wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Gyosen, ìrìn bí ìṣẹ́jú 15 láti sítéṣọ̀n Nishi-Kasai. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i. Kò tóbi: ẹni tó bá ń rìn láìdúró á yí gbogbo rẹ̀ po kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe rìn láìdúró. Páńdà pupa wà níbẹ̀, wallaby, tó jọ kangaroo kékeré, wà níbẹ̀, ẹyẹ penguin Humboldt wà níbẹ̀, ẹranko ajèèrà onímú gbọọrọ láti Gúúsù Amẹ́ríkà náà sì wà. Kí ọgbà tí a kì í sanwó wọ̀ ní ajèèrà ńlá, nǹkan ìyanu ni lójú tèmi. Ẹranko yẹn ṣòro láti yà, nítorí pé orí rẹ̀ gùn tóóró, ìrù rẹ̀ sì rí jàgàjàgà. Bí ẹ bá yà á láti iwájú, ojú kò ní mọ ibi tí orí pin sí. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ilà dúdú èjìká rẹ̀ hàn, kí ẹ sì tẹ kámẹ́rà nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ iwájú, torí ó máa ń ká èékánná rẹ̀ sínú, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹlẹ̀.

Páńdà pupa ló ń kó ọ̀pọ̀ onífọ́tò wá. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀. Òkè tútù ní ìhà Nepal, Bhutan àti China ni ilé rẹ̀, kò fẹ́ràn ooru rárá. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ló sábà máa ń sùn sí, ẹ̀yìn gíláàsì ni ẹ ó sì ti rí i. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, á jáde, á gun igi, irun rẹ̀ á nípọn. Àárọ̀ ni ó máa ń rìn jù, pàápàá kété tí ọgbà bá ṣí, àti nígbà tí oúnjẹ bá dé. Ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì ní funfun; bó bá wà lórí igi tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á sọ gbogbo ara rẹ̀ di dúdú. Ẹ fi +1 kún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ yí ibi tí ẹ dúró sí padà títí ewé á fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi a máa yàn láti yí ibi tí mo dúró sí padà.

Láàrin àwọn méjèèjì, èyí ni ìdájọ́ mi. Fóònù lẹ ní, tàbí ọmọ kékeré wà pẹ̀lú yín, Edogawa ni. Lẹ́ńsì gígùn lẹ ní, ẹ sì ní ọ̀sán gbogbo, Nogeyama ni. Ní méjèèjì, ibi kan wà tí ọmọdé ti lè fọwọ́ kan ẹran kékeré, bí ehoro òyìnbó tí wọ́n ń pè ní guinea pig, lábẹ́ ojú àwọn olùtọ́jú. Fọ́tò ọwọ́ ọmọ yín lórí ẹ̀yìn ẹran yẹn lè dùn mọ́ yín ju ti kìnnìún lọ.

Asahiyama: omi, gíláàsì àti yìnyín

Ìrìn-àjò gidi nìyí. Ọkọ̀ òfuurufú láti Tokyo dé Asahikawa kò tó wákàtí méjì, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì láti sítéṣọ̀n ìlú gba nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Owó ìwọlé rẹ̀ ló wọ́n jù nínú mẹ́rin yìí. Ó tọ́ sí i.

Ọdún 1967 ni ìlú Asahikawa ṣí i. Ní 1994, àrùn aràn kan tí wọ́n ń pè ní echinococcosis pa gọ̀rílà àti lemur, ẹranko tó bá ọ̀bọ tan, nínú ọgbà náà, wọ́n ní láti tì í kó tó àsìkò, ẹ̀rù ba aráàlú. Nígbà tó fi di 1996, àlejò ọdún kan kò ju nǹkan bíi 260,000 lọ, àwọn kan sì ń sọ pé kí wọ́n kúkú pa á rẹ́. Àwọn olùtọ́jú ẹranko kò gbà. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti ya irú ilé tí wọ́n fẹ́ fún ẹranko kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, ilé tí ẹranko á ti máa ṣe ohun tí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe: kí ẹyẹ penguin wẹ̀ bí ẹni ń fò, kí béárì funfun bẹ́ sínú omi, kí seal, ẹranko òkun tó ń jẹ ẹja, lúwẹ̀ẹ́ lóòró. Nígbà tí owó dé, wọ́n kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé penguin ní 2000, ti béárì funfun ní 2002, ti seal ní 2004. Ní 2006 àti 2007, àlejò kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, sí ìlú tí iye àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó 400,000.

Fún onífọ́tò, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yẹn yí ohun gbogbo padà. Ní ilé seal, òpó gíláàsì ńlá kan dúró lóòró láàrin yàrá, omi kún inú rẹ̀, seal sì ń gba inú rẹ̀ gòkè sọ̀ kalẹ̀. Á wá láti ìsàlẹ̀, ihò imú rẹ̀ á ti pa dé pátápátá, irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹnu, á wá dá dúró ní gíga ojú yín, á fi ẹyinjú dúdú ńlá yẹn wò yín, kó tó yí ikùn sókè kó sì máa lọ. Kò sí wáyà, kò sí kòtò, ìwọ̀n apá kan kò sí láàrin yín. 1/500 ni kí ẹ fi ṣọ́tà sí, kí ẹ gbé ISO sókè bí yàrá bá ṣe gbà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ léra wọn nígbà tó bá dá dúró. Bí ẹ bá ń lé e kiri pẹ̀lú lẹ́ńsì, ìrù ni ẹ ó máa yà. Ẹ mú ojú kan, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Ní ilé béárì funfun, yàrá gíláàsì roboto kékeré kan yọ sókè láti inú ilẹ̀ sáàárín ibi tí béárì ń rìn. Èèyàn á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, á yọ orí sínú rẹ̀, béárì á sì wà lókè orí rẹ̀. Èrò máa ń tò síbẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa ní. Ẹ ti ṣètò kámẹ́rà sílẹ̀ kó tó kàn yín.

Ìgbà yìnyín ni kí ẹ lọ bí ara yín bá gbà á. Nígbà tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀ dáadáa, láti ìparí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn penguin rìn káàkiri inú ọgbà, nítorí pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ara nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó ń fà wọ́n, kò sẹ́ni tó ń lù wọ́n. Ìlà tí wọ́n fà sórí yìnyín nìkan ló wà láàrin àwọn àti èrò. Ẹ tètè dé kí ẹ lè wà níwájú, ẹ jókòó tàbí kí ẹ lóṣòó, kí ẹ má ṣe na ọwọ́ tàbí igi kámẹ́rà kọjá ìlà. Yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ funfun di eérú. Ẹ fi +1 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, ṣùgbọ́n ẹ máa wo àyà penguin lójú kámẹ́rà kí funfun rẹ̀ má baà jó dànù.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ní Asahikawa ni wọ́n ti wọn òtútù tó burú jù nínú ìtàn Jàpáàn, 41 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius, ní 25 oṣù Kìíní ọdún 1902. Bátìrì máa ń tètè kú nínú òtútù. Ẹ fi èyí tó kù sínú àpò tó kan ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú ilé tó móoru, ẹ kọ́kọ́ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í pa, kí ẹ má sì tú u títí òun náà á fi móoru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á gbá lẹ́ńsì yín lójú àti nínú. Wákàtí tí ọgbà fi ń ṣí nígbà òtútù kúrú, 10:30 sí 15:30. Wọ́n tún máa ń tì í fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kọkànlá láti pààrọ̀ àsìkò, kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó wo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ìwà tó yẹ ní gbogbo ibẹ̀

Ẹ pa fíláàṣì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú, ẹranko máa ń ta gìrì, àwọn kan nínú wọn ọjọ́ orí wọn ti pọ̀. Ẹ má kan gíláàsì kí ẹranko lè wò yín. Àwọn aráàlú á wò yín dípò rẹ̀, wọn kò sì ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kà yín sí aláìmọ̀wà-hù. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn ń gbé kámẹ́rà lé kò bójú mu lójú ọ̀nà tóóró. Ọ̀rọ̀ ojú èèyàn nínú fọ́tò sì wúwo ní Jàpáàn: ẹ má gbé fọ́tò tí ojú ọmọ ọlọ́mọ hàn nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ bá wà nínú àwòrán yín, ẹ gé e kúrò, tàbí kí ẹ dúró kó kọjá.

Ẹ ka pátákó tí àwọn olùtọ́jú fi ọwọ́ ara wọn kọ, bí ẹ bá tiẹ̀ ní láti fi fóònù tú èdè rẹ̀. Orúkọ ẹranko wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn, nígbà mìíràn àìsàn tó ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹran kan ti darúgbó, tí ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́, á mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù. Inokashira, Edogawa àti Nogeyama máa ń tì ní ọjọ́ Ajé. Bí ọjọ́ Ajé náà bá bọ́ sí ìsinmi ìjọba, wọ́n á ṣí, wọ́n á sì tì ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ajé nìkan ni àyè yín, ẹ wọ rélùwéè lọ sí ìlú Kawasaki, kí ẹ béèrè Yumemigasaki, nítòsí sítéṣọ̀n Shin-Kawasaki. Kì í tì lọ́jọ́ kankan, ọ̀fẹ́ ni, páńdà pupa, lemur àti sébírà wà níbẹ̀ lórí òkè, 9:00 ni wọ́n sì ń ṣí.